Ta Ló Ni Kọ́kọ́rọ́ Ṣọ́ọ̀ṣì?

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni mo gbé wá lóṣù yìí, ṣùgbọ́n ẹ fọkàn balẹ̀, n kò fẹ́ wàásù fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ àgádágodo ni.

Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta nílé-ìwé girama, ìjọ tí bàbá mi ń lọ nílùú wa pín sí méjì. N kò ní dárúkọ ìjọ náà, torí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó jà nígbà náà ti kú, àwọn tó sì kù ti ń kí ara wọn báyìí. Ohun tí mo rántí ni pé a dé ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan pẹ̀lú aṣọ ìmúròde wa, la bá rí àgádágodo mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹgbẹ́ bàbá mi, ọ̀kan jẹ́ ti ẹgbẹ́ kejì, ọ̀kan sì jẹ́ ti ọlọ́pàá. Bàbá mi lọ sójú fèrèsé, ó yọjú wo inú ilé. Àga gígùn kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Igi ìrókò ni, òun ló sì sanwó fún káfíńtà tó ṣe é, lọ́dún tí wọ́n bí mi. Ó yíjú sí wa, ó ní, "Ṣé wọ́n máa ti àga tèmi náà mọ́lé ni?"

Ọdún mẹ́sàn-án ni ẹjọ́ yẹn fi wà ní kóòtù. Kí adájọ́ tó dá a, òjò ti ba òrùlé jẹ́, àwọn ewúrẹ́ sì ti ń bímọ sábẹ́ pẹpẹ. Ẹgbẹ́ bàbá mi, tí wọ́n pọ̀ jù, tí wọ́n sì ti kúrò lábẹ́ àwọn àgbà ìjọ tó wà lókè, ni wọ́n dá lẹ́bi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà nínú ọkàn mi pé adájọ́ rẹ́ bàbá mi jẹ.

Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn ní 2007, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ìwé ìròyìn, tí a gbọ́ pé àwọn ìjọ òyìnbó kan ní Virginia, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ti kúrò nínú ìjọ wọn, pé wọ́n ti wá sábẹ́ Ìjọ Áńgílíkàn ti Nàìjíríà, àti pé wọ́n ní àwọn ò ní fi ilé sílẹ̀. Mo kọ ọ̀rọ̀ gígùn kan. Mo ní àwọn tó gbé Bíbélì wá fún wa ti wá ń gbà á padà lọ́wọ́ wa. (Irọ́ ni. Àwọn CMS láti England ló wá sí Badagry àti Abẹ́òkúta, kì í ṣe àwọn ará Virginia. Ọ̀gá mi tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò kò mọ̀, èmi náà kò mọ̀.) Mo ní ẹni tó bá pọ̀ jù ló ni ilé. Ó dùn ún kà, àwọn ènìyàn sì yìn mí.

Láìpẹ́ yìí ni mo tó jókòó ka ìdájọ́ ẹjọ́ náà fúnra mi. Ti January 2012 nìkan jẹ́ ojú-ìwé 113. N kò kàwé kọjá girama, ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ lọ́yà ni mo ń pè lórí fóònù nígbàkigbà tí gbólóhùn bá ta kókó, títí ó fi bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun jẹun. Bí a ṣe máa ń yẹ ìwé ìtàn àti ewì wò nínú ìwé yìí ni mo ṣe fẹ́ yẹ ìdájọ́ yìí wò, torí ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ìtàn wà nínú rẹ̀, ọgbọ́n wà nínú rẹ̀, ibi tó ti mẹ́hẹ náà sì wà.

Ìlú kékeré kan wà nítòsí Washington, olú-ìlú Amẹ́ríkà, tó ń jẹ́ Falls Church. Ṣọ́ọ̀ṣì ló fún ìlú lórúkọ, kì í ṣe ìlú ló fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ọdún 1769 ni wọ́n parí ilé bíríkì tó wà níbẹ̀, kí Amẹ́ríkà tó gba òmìnira lọ́wọ́ ọba England. George Washington tó di Ààrẹ wọn àkọ́kọ́ ti wà nínú ìgbìmọ̀ ìjọ àdúgbò náà. Nígbà tí wọ́n jagun abẹ́lé, àwọn sójà Àríwá sọ ilé náà di ọsibítù, lẹ́yìn náà wọ́n sọ ọ́ di ibùjẹ ẹṣin. Ilé tó ti rí nǹkan ni.

Abẹ́ Ìjọ Episcopal ni ìjọ yìí wà, ìyẹn àwọn Áńgílíkàn ti Amẹ́ríkà. Ní 2003, Ìjọ Episcopal fi Gene Robinson, ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé, jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní New Hampshire. Èyí ló da omi àlàáfíà rú, lórí àwọn èdè-àìyedè mìíràn tó ti wà nílẹ̀. N kò ní dúró lórí ìyẹn, ẹni tó bá fẹ́ jà lé e lórí, pápá pọ̀. Ní December 2006, ìjọ Falls Church dìbò. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tó dìbò, bíi mẹ́sàn-án ló ní kí àwọn máa lọ. Ìjọ Truro tó wà ní Fairfax náà ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé wọn. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n forí lé. Ìjọ Nàìjíríà ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún irú wọn ní Amẹ́ríkà, wọ́n pè é ní CANA. Martyn Minns, àlùfáà Truro, ni wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Àbújá ní August 2006. Ní May 2007, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà wa nígbà náà, Peter Akinola, ọmọ Abẹ́òkúta, gbéra lọ sí Virginia láti lọ fi í sórí àga.

Ilẹ̀, ilé, owó báńkì, àwo fàdákà Oúnjẹ Olúwa, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Dáyósíìsì Virginia ní tàwọn ni, ẹ kó o sílẹ̀. Àwọn tó lọ ní àwa la ń tọ́jú rẹ̀, orúkọ àwọn alámòójútó ìjọ tiwa ló wà lórí ìwé ilẹ̀. Wọ́n bá dé kóòtù.

Ibi tó dùn jù nínú ẹjọ́ yìí wá dé. Òfin kan wà ní Virginia láti ọdún 1867. Ẹ ṣírò ọdún náà, ogun abẹ́lé wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ làwọn ìjọ ńlá ti ń ya. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì ya sí Àríwá àti Gúúsù ní 1844, nítorí bíṣọ́ọ̀bù kan ní Georgia ní ẹrú, wọ́n ní kó dáwọ́ iṣẹ́ bíṣọ́ọ̀bù dúró, àwọn ará Gúúsù ò gbà. Àwọn ìjọ Virginia wà ní ààlà, apá kan fẹ́ Àríwá, apá kan fẹ́ Gúúsù, wọ́n sì ń jà sí ilé. Ni ìjọba Virginia bá ṣòfin pé bí ìjọ ńlá bá pín, kí àwọn ọmọ ìjọ kọ̀ọ̀kan dìbò ẹ̀ka tí wọ́n fẹ́ bá lọ, kí ilé sì tẹ̀ lé ẹgbẹ́ tó bá pọ̀ jù. Òfin tí wọ́n ṣe nítorí ìjà ẹrú ni àwọn lọ́yà àwọn tó kúrò hú jáde lẹ́yìn 140 ọdún. Wọ́n ní, ṣé ẹ ò rí i pé ìjọ ti pín? Àwa la pọ̀ jù. Ó parí.

Adájọ́ Randy Bellows ní Fairfax fetí sí wọn, ó sì dá wọn láre ní 2008. Bí ẹ bá ka ohun tí mo kọ nígbà náà, ẹ ó rò pé èmi ni lọ́yà wọn.

Ní June 2010, Kóòtù Tó Ga Jùlọ ní Virginia da ìdájọ́ náà nù. Kí ló dé? Wọn ò ní ìjọ kò pín. Wọ́n gbà pé ó pín. Ọ̀rọ̀ "ẹ̀ka" yẹn ni wọ́n dì mú. Wọ́n ní òfin sọ pé ẹ̀ka tí ẹ bá bá lọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀ka tó yọ lára igi tó pín. CANA kò yọ lára Ìjọ Episcopal, ara Ìjọ Nàìjíríà ló ti yọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ilé ṣe é. Bí àwọn ọmọ Àjàyí bá ń pín ogún, tí ọ̀kan nínú wọn di ẹrù rẹ̀ tó kó lọ sílé Ògúndélé, kò lè ti ilé Ògúndélé ké wá pé ìdí-igi kan nílé Àjàyí lòun. Àwọn lọ́yà ní ṣebí ọmọ àwùjọ Áńgílíkàn àgbáyé ni Episcopal àti Nàìjíríà jọ jẹ́? Kóòtù ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àwùjọ yẹn kì í ṣe irú ìjọ tí òfin 1867 ń sọ. Ìlú kan náà ni Àjàyí àti Ògúndélé jọ ń gbé, ìyẹn ò sọ wọ́n di ẹbí.

Ẹ ò rí nǹkan! Orúkọ wa tí mo fi ń yangàn ní 2007, òun gan-an ló gba òfin 1867 lọ́wọ́ wọn. Ká ní wọ́n ti dá ẹ̀ka tiwọn sílẹ̀ láti inú ìyapa náà ni, ìbéèrè mìíràn ni kóòtù ìbá dáhùn. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó bí mi nínú lákọ̀ọ́kọ́, ìgbà kẹta ni mo gbà pé ó gún régé. Ìdájọ́ tó ń ka ọ̀rọ̀ bó ṣe wà ni, kò fi tirẹ̀ kún un.

Wọ́n dá ẹjọ́ náà padà sọ́dọ̀ Adájọ́ Bellows pé kó tún un gbọ́ láìlo òfin 1867, kó lo òfin ohun-ìní lásán, bí ìgbà tí ẹni méjì bá ń jà sí oko. Mo bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin yìí. Ẹni tí wọ́n bá da ìdájọ́ rẹ̀ nù, ó lè kanra. Kò kanra. Ó gbọ́ ẹ̀rí fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ní 2011, ó sì kọ ojú-ìwé 113 tí mo wí, ó sì dá Dáyósíìsì láre lórí ohun-ìní ìjọ méje.

Báwo ló ṣe dé ibẹ̀? Ìwé ilẹ̀ ló kọ́kọ́ yẹ̀ wò, lóòótọ́ orúkọ àwọn alámòójútó ìjọ ló wà níbẹ̀. Ká ní ó dúró síbẹ̀ ni, àwọn tó lọ ìbá jàre. Ṣùgbọ́n ó bi ìbéèrè mìíràn: látọjọ́ tí ẹ ti wà pọ̀, báwo lẹ ṣe ń ṣe síra yín? Ta ló ń fi àlùfáà ránṣẹ́? Kí ni àlùfáà ń búra fún? Nígbà tí ẹ fẹ́ yá owó ní báńkì láti fi kọ́lé, tí ẹ fẹ́ fi ilé dúró, ta lẹ lọ bá? Àwọn ìwé jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìjọ wọ̀nyí ti ń kọ̀wé sí Dáyósíìsì tipẹ́tipẹ́ pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wá láyè. Ẹni tó ni nǹkan kì í tọrọ àyè kó tó fi dúró. Wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn nìkan kọ́ ló ni ín.

Ibí yìí ni mo ti gbé ìwé sílẹ̀.

Bàbá mi ni akọ̀wé ìjọ wọn fún ọdún méjìlá. Nígbà tó kú ní 2010, èmi ni mo kó àpótí ìwé rẹ̀. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, mo tú u. Ẹ̀dà lẹ́tà kan wà níbẹ̀ tí a fi kábọ́nù tẹ̀, ọdún 1988 ni. Bàbá mi ló fọwọ́ sí i. Ó kọ ọ́ sí àwọn àgbà ìjọ lókè, ó ní pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, ìjọ wa ń tọrọ ìyọ̀ǹda láti ta púlọ́ọ̀tì kan lára ilẹ̀ ìjọ kí a lè fi kan páànù. Ìdáhùn wọn wà lẹ́yìn rẹ̀: a gbà fún yín. Páànù tí wọ́n fi owó yẹn kàn ni òjò ń gbọn sí nígbà tí a ń ṣẹjọ́. Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn lẹ́tà yẹn, bàbá mi kan náà wà nínú kóòtù, ó ń búra pé ìjọ wa kò fìgbà kan wà lábẹ́ ẹnikẹ́ni lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. N kò rò pé ó mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa. Inú tó bí i ló mú un gbàgbé.

Ní 1979, kí n tó dé ayé, àwọn ohun méjì kan ń bọ̀ lọ́nà tó di gbòǹgbò gbogbo èyí. Kóòtù Tó Ga Jùlọ ní Amẹ́ríkà gbọ́ ẹjọ́ ìjọ Vineville, àwọn Presbyterian ní ìlú Macon ní Georgia. Ènìyàn 164 níbẹ̀ dìbò pé kí àwọn kúrò, 94 ní àwọn ò lọ. Ṣáájú ìgbà náà, láti ẹ̀yìn ogun abẹ́lé, ohun tí kóòtù wọn sábà máa ń sọ ni pé ohun tí àwọn àgbà ìjọ bá ti pinnu ni ká tẹ̀ lé, torí ìjọba ò gbọdọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́. Lọ́dún 1979, adájọ́ 5 sí 4, wọ́n ní ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ lè lo òfin ohun-ìní lásán, kó ka ìwé ilẹ̀ àti òfin ìjọ bí ìgbà tó ń ka ìwé ẹgbẹ́ àjẹsẹ́kù. Wọ́n sì fi ìmọ̀ràn kan kún un, pé bí àwọn ìjọ ńlá ò bá fẹ́ kí ilé bọ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́, kí wọ́n tètè kọ ọ́ sínú òfin wọn kí ìjà tó dé. Ìjọ Episcopal ò fi falẹ̀. Ìpàdé àpapọ̀ wọn ní Denver lọ́dún kan náà ló kọ ọ́ pé gbogbo ohun-ìní ìjọ kọ̀ọ̀kan wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ nítorí Dáyósíìsì àti Ìjọ Episcopal lápapọ̀. (Ọdún 1979 yìí náà ni Ìjọ Nàìjíríà di àgbègbè tó dá dúró. Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ṣe ń pàdé.)

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti bá ìdájọ́ Virginia jà. Òfin 1979 yẹn kò dùn mọ́ mi. Ta ló gbọ́ pé ẹnì kan á jókòó sí ìpàdé, á kọ ọ́ sínú ìwé ara rẹ̀ pé ilé ẹlòmíràn ti di tòun náà, tí kóòtù á sì gbà? Lóòótọ́ wọ́n lè dáhùn pé àwọn ìjọ náà ní aṣojú, pé wọ́n jókòó sábẹ́ òfin yẹn fún ọdún 27 láìsọ̀rọ̀. Ó tọ́. Síbẹ̀ ẹni tó wà lókè ló mú gègé lọ́wọ́. Virginia fúnra rẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ń rùn níbẹ̀. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé Kóòtù Tó Ga Jùlọ ní Virginia lẹ́ẹ̀kejì, ní April 2013, wọ́n ní òfin ìpínlẹ̀ àwọn látijọ́ kò gba irú ìfisíkàáwọ́ bẹ́ẹ̀ láyè fún ìjọ ńlá, nítorí náà àwọn ò lè gbé ìdájọ́ karí ọ̀rọ̀ orí ìwé yẹn. Ó dáa. Ojú-ìwé díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n ní ṣùgbọ́n ìbáṣepọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì fi hàn pé ìfisíkàáwọ́ wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò kọ ọ́. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n wá gba ojú fèrèsé wọlé. Mo gbà pé inú ilé tí wọ́n bọ́ sí ló tọ́ kí wọ́n wà. Ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé ni n kò fẹ́ràn. Ìbá tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n sọ ọ́ gbangba pé àwọn lẹ́tà ìyọ̀ǹda yẹn ló dájọ́, kì í ṣe òfin Denver. Wọ́n ṣàánú díẹ̀ ṣá, wọ́n ní apá kan nínú owó tí àwọn ọmọ ìjọ dá lẹ́yìn tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ní 2003 kò yẹ kó lọ sọ́dọ̀ Dáyósíìsì. Kóòtù Tó Ga Jùlọ ní Amẹ́ríkà kọ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ náà ní March 2014, ó sì parí síbẹ̀.

Àwọn tó ń sọ pé òfin ohun-ìní lásán kì í ṣègbè, mo fẹ́ kí wọ́n wọkọ̀ láti Virginia lọ sí Texas. Dáyósíìsì Fort Worth, tó kúrò lódindi ní 2008 pẹ̀lú bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ṣe ẹjọ́ ọdún púpọ̀. Òfin Denver kan náà ni, Ìjọ Episcopal kan náà ni. Ní May 2020, Kóòtù Tó Ga Jùlọ ní Texas dá àwọn tó kúrò láre, torí lábẹ́ òfin Texas, ẹni tó fi nǹkan sí ìkáwọ́ lè mú un padà bí kò bá kọ ọ́ pé òun ò ní mú un padà. Ní South Carolina, àwọn adájọ́ ń ka ìwé òfin ìjọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀ ní 2022, àwọn kan mú ilé lọ, àwọn kan dá ilé padà, nítorí gbólóhùn kan tí àwọn bàbá wọn kọ tàbí tí wọn ò kọ. Ìgbàgbọ́ kan náà, ìjà kan náà, ibi tí wọ́n bí ọ sí ló máa sọ bóyá wàá jókòó lórí àga tàbí níta. Bó bá jẹ́ pé ìyẹn ni wọ́n ń pè ní àìṣègbè, á jẹ́ pé èmi ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìṣègbè.

Ohun kan wà tí mo gbójú fò ní 2007, ó sì ń dùn mí títí dòní. Nínú ènìyàn mẹ́wàá, mo ní mẹ́sàn-án ló lọ. N kò bi ara mi léèrè nípa ẹnì kan tó kù. Àwọn tí kò lọ ní Falls Church, wọ́n jáde kúrò nínú ilé tí wọ́n ti ń jọ́sìn láti kékeré, wọ́n lọ tọrọ yàrá lọ́wọ́ àwọn Presbyterian tó wà ní òdìkejì títì. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ń wo ilé wọn láti òdìkejì títì. Wọn ò ṣe nǹkan kan ju pé wọ́n dúró síbi tí wọ́n wà. Nígbà tí wọ́n padà wọlé ní 2012, ó wá kan àwọn tó pọ̀ láti kó ẹrù. Àwọn wọ̀nyẹn ń jọ́sìn káàkiri ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé àti ibòmíràn títí wọ́n fi kọ́ ilé tiwọn, tí wọ́n wọ̀ ní 2019. Àwọn méjèèjì ló wà láàyè dòní. Ìdájọ́ ò pa ẹnì kankan nínú wọn, èyí tó ya àwọn tó ń bẹ̀rù pé ìjọ á parun lẹ́nu.

Ẹnì kan lè sọ pé ṣebí ohun tí àwọn bàbá wa ní Èkó ṣe nìyẹn láìdé kóòtù. Ní 1901, nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell kó James Johnson kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Paul's, Breadfruit, lọ́nà tí inú ọmọ ìjọ kò dùn sí, ọ̀pọ̀ jáde. Wọ́n fi ilé sílẹ̀, wọ́n fi àga sílẹ̀, wọ́n lọ ń jọ́sìn ní Rose Cottage ní Marina, ibẹ̀ ni ìjọ African Church Bethel ti bẹ̀rẹ̀. Johnson fúnra rẹ̀ ò tẹ̀ lé wọn. A máa ń sọ ìtàn yìí fún ìwúrí, ó sì wú mi lórí. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ ká fi í lu àwọn ará Virginia. Owó ọmọ Èkó ló wà nínú ilé Breadfruit, ọ̀dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù òyìnbó ló sì kù sí. Wọn ò jàre ju bẹ́ẹ̀ lọ nítorí pé wọn ò pe lọ́yà. Wọ́n mọ irú kóòtù tí wọ́n á bá pàdé nígbà náà ni.

Àwọn United Methodist ti Amẹ́ríkà ló sún mọ́ ohun tí mo lè yìn. Ní 2019, nígbà tí wọ́n rí i pé ìjà ń bọ̀, wọ́n kọ iye owó ìlẹ̀kùn sílẹ̀. Ìjọ tó bá fẹ́ lọ, kí ìdá méjì nínú mẹ́ta dìbò bẹ́ẹ̀, kó san gbèsè ìdáwó rẹ̀, kó san ìpín tirẹ̀ nínú owó ìfẹ̀yìntì àwọn àlùfáà, kó sì máa gbé ilé rẹ̀ lọ. Nígbà tí àyè náà fi parí ní òpin 2023, àwọn ìjọ tó ti gba ibẹ̀ lọ ju 7,600 lọ. Ìkùnsínú wà, àwọn kan tilẹ̀ tún dé kóòtù, àwọn kan ní owó náà pọ̀ jù. Àmọ́ wọ́n ronú kan àlùfáà arúgbó tó ń retí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ohun tí ojú-ìwé 113 ò kàn.

Ẹnì kan tún wà tí n kò rí i nínú kóòtù rárá. Lára àwọn tó fọwọ́ ara wọn kọ́ ilé 1769 yẹn, ẹrú wà. Ìjọ tó ń lò ó báyìí ti gbé àkọlé ìrántí síbẹ̀ fún wọn. Wọn ò dìbò ní 2006, orúkọ wọn ò sì sí lórí ìwé ilẹ̀. Bíríkì tí wọ́n tò ni gbogbo lọ́yà ń jà sí.

Mo lọ sílé lọ́jọ́ Àjíǹde tó kọjá. Mo sọ ọ̀rọ̀ lẹ́tà 1988 yẹn fún ìyá mi, mo ní, "Ìyá mi, ó dà bíi pé adájọ́ ò rẹ́ Bàbá jẹ." Wọ́n wò mí, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Bàbá yín mọ̀. Ó sọ fún mi lọ́dún tó kù díẹ̀ kó kú. Ó ní kí n má sọ fún ẹ̀yin ọmọ." Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n gbé àga wá síta kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí àwọn. Àga ìrókò náà ni. Ẹgbẹ́ kejì ló dá a padà fún wọn nígbà tí wọ́n ra tuntun. Wọ́n ti fá orúkọ bàbá mi kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fọwọ́ pa á, ó ṣì lè ka lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́.